Sàlẹ́ńsà AX100 tó dí: ẹ má yọ ìfun rẹ̀ dànù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Suzuki AX100 ni mo fi ń lọ sóko lẹ́yìn Ilé-Olújì níbí, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti bí oṣù méjì, bí mo bá ti gbé àpò kòkó kan ṣoṣo sẹ́yìn rẹ̀, kò lè gun òkè mọ́ àfi ní gíà kìíní. Bí mo yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin, ńṣe ló ń kùn bí ẹni tí wọ́n faṣọ dí lẹ́nu. Omi dúdú kan tó ń yọ̀ bí epo tún ń kán nídìí sàlẹ́ńsà. Ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n jẹ́ kí òun yọ ìfun sàlẹ́ńsà, irin oníhò wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀, dànù, pé yóò máa sáré bí ẹṣin. Ẹlòmíì ní kí n da bẹntiróò sí i kí n ṣáná sí i. Èwo ni kí n ṣe níbẹ̀?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú oko o. Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Èédú ló dí sàlẹ́ńsà yín, kì í sì í ṣe inú sàlẹ́ńsà nìkan ló wà. Ó wà lẹ́nu ihò tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnì pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì kì í bẹ̀ wò.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò kí ẹ tó náwó. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì tó so ọrùn sàlẹ́ńsà mọ́ ẹ́ńjìnì, kí àlàfo díẹ̀ yọ níbẹ̀, kí ẹ wá ta máṣínì kó jí. Bó bá ké gbajà tó sì gbéra bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, sàlẹ́ńsà ló dí. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ jìnnà, torí iná lè ta yọ níbẹ̀. Bó bá ṣì ń kùn bákan náà, ẹ lọ wo plọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀ àti fíltà afẹ́fẹ́, tàbí ihò ẹnu ẹ́ńjìnì tí mo wí yẹn.

Irú ẹ́ńjìnì yìí, tù-sìtírókù, ọ́ìlì àti epo ló ń jó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ́ìlì tí kò bá jó tán a lẹ̀ mọ́ irin bí èéfín ṣe ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé ìdáná. Máṣínì oko ló sì ń tètè mú jù, torí pé ó ń rọra rìn lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, sàlẹ́ńsà kì í gbóná tó láti jó ohun tó wà nínú ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfun tí ọmọ yẹn sọ ńkọ́? Òótọ́ ni pé ariwo yóò pọ̀, ariwo yẹn ló sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Sàlẹ́ńsà tù-sìtírókù kì í ṣe ohun ìpanumọ́ lásán. Bí ihò èéfín bá ṣí, agbára tó jáde lọ a máa kọ lu ìdí sàlẹ́ńsà, a sì padà wá ti epo tútù tó fẹ́ sá jáde wọlé. Walter Kaaden, ará Jámánì Ìlà-Oòrùn tó ń ṣiṣẹ́ fún MZ, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe máṣínì, ló fi ìmọ̀ yìí sọ máṣínì ìdíje di nǹkan ńlá ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960. Ní 1961, Ernst Degner tó ń gun máṣínì fún un sá kúrò nílùú, ó gbé àṣírí náà lọ bá Suzuki. Nígbà tó di 1962, Suzuki gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti máṣínì 50cc, Degner yìí kan náà ló gùn ún. Máṣínì oko kì í ṣe ti ìdíje, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni sàlẹ́ńsà ń ṣe lára rẹ̀. Ẹni tó yọ ìfun dànù ti ba ìṣirò yẹn jẹ́, agbára tí ẹ sì fẹ́ fi gun òkè gan-an ni yóò dín.

Ó yá, iṣẹ́ wá kù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, kí ẹ tú sàlẹ́ńsà kúrò pátápátá, kí ẹ yọ plọ́ọ̀gì. Ẹ wo ẹnu ihò èéfín pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo ti rí èyí tí èédú fún pọ̀ débi pé ìka kékeré mi kò wọ̀ ọ́. Ẹ rọra fi kíìkì yí ẹ́ńjìnì títí písítìn yóò fi gòkè, tí ara rẹ̀ yóò fi dí ihò náà. Bẹ́ẹ̀ ni èédú kò ní í já bọ́ sínú. Ẹ fi gírísì díẹ̀ pa ara písítìn tó hàn síta yẹn kí ìdọ̀tí lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀là ọparun tí ẹ gbẹ́ lẹ́nu pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi ha á. Ẹ má fi sukudíráfà ṣe é o! Bó bá ha písítìn lára, ọ̀rọ̀ rínńgì àti sìlíńdà ló máa dà, owó rẹ̀ kò sì kéré. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà nu gírísì náà tòun tìdọ̀tí kúrò kí ẹ tó tún yí ẹ́ńjìnì.

Ìfun ń bẹ nídìí sàlẹ́ńsà, bọ́ọ̀tì kan ló dè é. Bó bá ti dípẹtà, ẹ fi púláyà dì í mú, ẹ máa yí i sọ́tùn-ún sósì, ẹ má kàn fà á. Ẹ jù ú sínú iná èédú títí yóò fi pọ́n, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, kí ẹ wá gbá a mọ́ òkúta. Èédú yóò máa wó bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin parí rẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣó ṣí gbogbo ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀.

Sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ kò ṣe é jù síná, àwọ̀ dídán rẹ̀ yóò bàjẹ́. Sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò ni mo máa ń fi wẹ̀ ẹ́. Kílò 1 sí omi lítà 3, nínú báàfù oníke, níta gbangba. Sódà ni ẹ máa rọra dà sómi. Ẹ má da omi lé sódà, torí yóò hó yóò sì ta síni lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ bojú. Ẹ fi igi dí ẹnu kan sàlẹ́ńsà, ẹ gbé e dúró, ẹ da omi sódà kún un, ẹ fi ẹnu kejì sílẹ̀ láìdí. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó dà á nù, sínú kòtò tó jìnnà sódò àti kànga. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án. Bó bá ṣì kù, ẹ tún un ṣe.

Alumíníọ̀mù kò gbọdọ̀ kan sódà yìí rárá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ju ọwọ́ búréèkì sínú rẹ̀, pé kó lè dán. Ó hó bí ẹ̀kọ tó wà lórí iná, èéfín tó ń yọ nígbà yẹn sì lè gbaná. Ohun tí a bá níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ti bẹntiróò: yóò jó tán, èédú á sì wà níbẹ̀. Bí ooru rẹ̀ bá sì ti kún inú sàlẹ́ńsà kí ẹ tó ṣáná, ó lè bú lójú yín.

Bí ẹ bá ń dà á padà, ẹ ra gásíkẹ̀ẹ̀tì ọrùn tuntun. Yóò rú èéfín díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ má jáyà.

Èmi ò mọ irú ọ́ìlì tí ẹ ń lò, ṣùgbọ́n omi dúdú tó ń kán yẹn ń jẹ́ kí n fura. Ọ́ìlì ọkọ̀ kò dára fún un, àlòkù ni kò tiẹ̀ yẹ ká dárúkọ. Ọ́ìlì tù-sìtírókù tí wọ́n kọ JASO FC tàbí FD sí lára, àmì ìdánwò àwọn ará Japan, ni kí ẹ bèèrè. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò lórí èéfín àti bí ó ṣe ń dí sàlẹ́ńsà. Bí pọ́m̀pù ọ́ìlì bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá ó ń tú jù. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti já a, tí ẹ ń pò ó sínú táǹkì, ẹ yéé fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ra síríńjì ńlá ní kẹ́míìsì: mílílítà 30 sí lítà epo 1, èyí tó jẹ́ 120 sí gálọ́ọ̀nù oní lítà 4. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọ́ìlì bá ti pọ̀ sí i ni ẹ́ńjìnì ń pẹ́ sí i. Èédú ló ń pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá wá ṣe gbogbo èyí tán, tí èéfín funfun tó nípọn ṣì ń jáde, ẹ yẹ ọ́ìlì gíà wò. Bó bá ń dín láìsí pé ó ń jò sílẹ̀, ẹ́ńjìnì ló ń mu ún láti ibi síìlì tó ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Síìlì náà kò wọ́n, àmọ́ wọn yóò tú ẹ̀gbẹ́ kan ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kí ẹ yáa mú un lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.