Báwo ni mo ṣe lè fi Python darí AutoCAD méjì tó ṣí pa pọ̀?

Ọ́fíìsì ayàwòrán-ilé kan ní Kabba ló béèrè: AutoCAD (ètò ìyàwòrán lórí kọ̀ǹpútà) kan ṣí fún iṣẹ́ Ìsánlú, èkejì fún ti Mọpà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni kóòdù Python wọn ń rí.

Ẹ kú iṣẹ́. Windows ló fà á. Ó ní ìwé orúkọ kan, Running Object Table, tí àwọn ètò tó ṣí máa ń forúkọ sí. Èyí tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ni GetActiveObject, àṣẹ Python tó ń mú ètò tó ti ṣí, máa ń mú. Àṣẹ Dispatch náà á kọ́kọ́ wá èyí tó ti ṣí kó tó ṣí tuntun. DispatchEx ni kí ẹ lò, tuntun ló ń ṣí ní gbogbo ìgbà. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ nínú kóòdù, kí ẹ sì fi Visible sí True, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní rí i lójú. Ẹ má ju orúkọ yẹn nù títí iṣẹ́ á fi parí, torí wíwá a padà ló nira. Tó bá dàrú mọ́ yín lójú, ẹ mú HWND rẹ̀ (nọ́ńbà fèrèsé rẹ̀), ẹ fi àṣẹ GetWindowThreadProcessId wá PID (nọ́ńbà ètò náà) tó wà nínú Task Manager.

Bí «Call was rejected by callee» bá jáde, ọwọ́ AutoCAD ló dí. Ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un pè.

Àbí ṣé méjì tiẹ̀ pọn dandan? Ẹyọ kan lè ṣí àwòrán púpọ̀ pẹ̀lú Documents.Open, kò sì ní jẹ RAM tó bẹ́ẹ̀, àgàgà tí iná bá lọ tó ku bátìrì nìkan. Fún ọ̀pọ̀ fáìlì, accoreconsole.exe, AutoCAD tí a fi àṣẹ nìkan ń darí, lèmi fẹ́ràn jù: kì í ṣí fèrèsé ìyàwòrán, /i ni ẹ ó fi fún un ní àwòrán, /s ni ti script (fáìlì tí a to àwọn àṣẹ sí).