Ẹ Yí Ìbòjú Náà Padà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a yà sí gálárì kan tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Mẹ́síkò, ojú mi sì bọ́ sára ìbòjú onígi kan tí wọ́n gbẹ́ bí orí ẹkùn. Dígí ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, irun gíngan bíi ti ẹlẹ́dẹ̀ sì wà ní imú. Ẹni tó ń tà á ní láti ìpínlẹ̀ Guerrero ní Mẹ́síkò ló ti wá, pé ó ti tó ọgọ́rin ọdún, pé wọ́n ti fi jó dáadáa. 650 dọ́là ló pè é. Ọkọ mi ní igi lásán ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Bí mo bá sì rà á, báwo ni màá ṣe tọ́jú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ohun onígi ni mò ń tún ṣe jẹun, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń gbé ìbòjú wá bá mi, wọ́n ti rà á tán kí wọ́n tó rántí pé ìbéèrè wà.

Ẹ padà lọ síbẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri. Ẹ yí i padà, kí ọkọ yín tan iná fóònù sí inú rẹ̀. Bí wọn ò bá fẹ́ kí ẹ rí inú rẹ̀, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ igi gbẹ́ lè ṣe iwájú kó rẹwà, àmọ́ inú ni ẹni tó gbé e jó ti fi òógùn sílẹ̀.

Òógùn kì í sì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Ibi tí iwájú orí bá ti kan igi, ibi tí imú àti àgbọ̀n bá ti fara kàn án, á dúdú, á máa dán bí èèkù àdá tí wọ́n ti fi roko lọ́pọ̀ ọdún. Ibi tí awọ ara ò dé á ṣì pọ́n bí igi ṣe máa ń pọ́n. Ẹ wo ihò tí wọ́n ń ki okùn bọ̀ náà. Okùn máa ń jẹ igi, apá ibi tó ń fà sí nìkan ló sì máa ń jẹ. Bí ihò náà bá ṣì rí roboto bí ìgbà tí wọ́n lu ú, kò sẹ́ni tó fi jó. Ẹ wá gbé e sójú, bí wọ́n bá gbà fún yín. Ojú dígí yẹn ò ríran. Nítorí náà, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbì kan, lábẹ́ ojú tàbí ní ẹnu tó là sílẹ̀, tí oníjó á máa gbà wo ọ̀nà. Ṣé ẹ lè mí? Ṣé etí igi ò gún yín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́? Èèyàn ò lè fi ohun tó ń gún un jó láti àárọ̀ di alẹ́.

Àwọn tó ń sọ tuntun di àtijọ́ mọ̀ pé àwa ń wo inú. Wọ́n á fi èéfín rẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi pólíìṣì bàtà pa á. Ṣùgbọ́n ọgbọọgba ni dúdú tiwọn máa ń rí. Èmi náà ti sanwó ẹ̀kọ́ yìí. Mo ra ìbòjú èṣù kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan, tí alángbá méjì pọ́n lé e lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì sọ ìtàn ijó òjò kan fún mi tó dùn débi pé mi ò wẹ̀yìn wò. Nígbà tí mo délé tí mo fi òwú tútù nù ún, òórùn pólíìṣì kún gbogbo yàrá. Ìbòjú náà ṣì wà lára ògiri ibi iṣẹ́ mi. Agbẹ́gilére tó ṣe é mọṣẹ́, ìtàn tí wọ́n so mọ́ ọn ni irọ́. Ní Guerrero gan-an, láàárín ọdún 1960 sí 1980, irú nǹkan báyìí pọ̀ gan-an. Àjèjì ń fẹ́ ohun àràmàǹdà, àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ ẹ, àwọn alágbàtà sì ń so orúkọ ijó tí ẹnikẹ́ni ò jó rí mọ́ ọn. Àwọn kan lára rẹ̀ wọ ilé mùsíọ́mù.

Ẹ má tìtorí pé ọ̀dà rẹ̀ ń dán kí ẹ kà á sí tuntun. Ìbòjú tó ṣì ń jó máa ń gba ọ̀dà bí ọdún bá ti ń bọ̀, bí wọ́n ṣe ń kun ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dà kó tó jáde. Ibi tó bá ti bó ni kí ẹ wò: pupa lórí òféèfé, òféèfé lórí funfun. Ìyẹn dára ju ọ̀dà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ha.

Ẹ bi wọ́n pé abúlé wo, ijó wo. "Guerrero" nìkan kì í ṣe ìdáhùn. Bí ìgbà tí ẹnì kan bá gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ní "Nàìjíríà" ló ti wá ni. Ẹkùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà (jaguar) tí wọ́n ń pè ní "tigre" níbẹ̀ pọ̀ nínú ijó ìpínlẹ̀ náà. Nínú ti Tecuanes, àwọn ọdẹ ló ń lé e kiri. Nínú ti Tlacololeros, àwọn àgbẹ̀ ni. Ní ìlú Zitlala, awọ ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, ó nípọn, ó bo orí pátá, nítorí lóṣù karùn-ún àwọn ọkùnrin máa ń fi okùn tó le bí kùmọ̀ na ara wọn lórí kí òjò lè rọ̀. Èyí tí ẹ ṣàpèjúwe, onígi, olójú dígí, onírun ìmàdò, ó jọ ti Olinalá, ìlú tí wọ́n mọ̀ fún ọ̀dà dídán tí wọ́n ń kùn sára igi. Bí ẹni tó ń tà á bá dárúkọ Zitlala, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọgọ́rin ọdún yẹn ni mo fura sí jù. Igi fífúyẹ́, òógùn, òjò, kòkòrò: ìbòjú tó ń ṣiṣẹ́ kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sanwó fún, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ ní kí wọ́n kọ abúlé, ijó, ọdún tí wọ́n rà á, àti orúkọ agbẹ́gilére bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, sórí rìsíìtì. Ẹ máa rí i bí ọgọ́rin ọdún ṣe máa di "bóyá ogójì" tí bírò bá ti kan bébà. Èmi o, mo fẹ́ràn tuntun tí mo mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ju àtijọ́ tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá lọ.

Irun ìmàdò kì í sábà ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí awọ tàbí eyín ẹkùn gidi bá wà lára ìbòjú, tàbí èèpo ìjàpá òkun, ẹ fi sílẹ̀. CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, dè é, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ yín ní ẹnubodè. Bí wọ́n bá na ìbòjú òkúta sí yín pé ó ti wà kí àwọn ará Sípéènì tó dé, ẹ sá. Òfin Mẹ́síkò ti ọdún 1972 ní ti ìjọba ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí, torí mo mọ àwọn ará wa. Ní etíkun Costa Chica, ní ìpínlẹ̀ Guerrero àti Oaxaca, àtọmọdọ́mọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ni wọ́n ń jó ijó Diablos (ìyẹn "àwọn èṣù") nígbà ọdún àwọn òkú, nǹkan bí ọjọ́ kìíní àti ìkejì oṣù kọkànlá, pẹ̀lú ìbòjú oníwo, onírùngbọ̀n irun ẹṣin. Ọdún 2019 ni ìwé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Mẹ́síkò ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á fún yín gẹ́gẹ́ bí egúngún Yorùbá, ó ń fi ahọ́n polówó ni.

Ó ku ìtọ́jú. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró pa á. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ ti tó. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń gba fèrèsé wọlé, ẹ má gbé e sókè síítóòfù. Kòkòrò ni ọ̀tá gidi. Kó tó bá àwọn ohun onígi yín yòókù gbé, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù fún oṣù kan, kí ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀ kẹ́bẹ́kẹ́bẹ́ lórí bébà náà, irú èyí tí àwọn babaláwo ń kó lára igi ìrosùn, kòkòrò ṣì ń jẹun níbẹ̀. Igi tí wọn ò fi ọ̀dà dídán kùn, tí kò ní dígí, a lè kó o sínú fìríìsà tó tutù dé -20°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tiyín yìí, ẹ má dán an wò nílé. Ọ̀dà lè sán, dígí lè yọ. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọṣẹ́.

Tí ẹ bá padà débẹ̀, ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Inú rẹ̀ ni kí ẹ yà, mo ti mọ iwájú.