Ẹ̀sítéètì tuntun ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: ta ló máa ka mọ́tò, ta ló máa san owó títì?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn ló dá lórí ilé tuntun àti títì tí ò tó, àfi bí ẹni pé àwọn tó kọ ọ́ jọ jókòó sọ ọ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Apá Lokogoma l'Abuja níbí là ń gbé, títì kan ṣoṣo la ní tó gbé wa jáde sí ọ̀nà ńlá, láàárọ̀ tí n bá ti kúrò nílé kọjá aago mẹ́fà ààbọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bá mi nìyẹn, àwọn ọmọ á pẹ́ dé skúùlù. Ní báyìí dẹfẹ́lọ́pà kan ti fi páànù yí ilẹ̀ kan ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ní ilé 300 ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, títì wa yìí náà ni géètì wọn máa já sí. Nígbà tí alága ẹ̀sítéètì wa lọ bá wọn, injíníà wọn kàn wo títì, ó ní kò sí wàhálà, á gbà á. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? – Ìyá Ìbejì, Lokogoma

ÌDÁHÙN: Rárá o, Ìyá Ìbejì, ojú lásán kọ́ ni wọ́n fi ń wọn títì. Iṣẹ́ tó yẹ kí injíníà yẹn ṣe kó tó lanu ni wọ́n ń pè ní traffic impact assessment, TIA làwọn oníṣẹ́ máa ń sọ, ohun tó sì wà fún ò ju pé kó sọ iye mọ́tò tí ẹ̀sítéètì yẹn máa tú sí títì, aago mélòó ni wọ́n máa jáde, jánkṣàn wo ló máa kọ́kọ́ dí, àti nǹkan tí wọ́n máa ṣe sí i kó tó dí. Tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe é, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀ wá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á kó àwọn ọmọ tó mọ̀wé lọ sí jánkṣàn yín láti aago mẹ́fà ìdájí, bébà àti bírò á wà lọ́wọ́ oníkálukú, wọ́n á máa fa ìlà kan fún mọ́tò kan tó bá kọjá, ọ̀tọ̀ ni ti mọ́tò kékeré, ọ̀tọ̀ ni ti kẹ̀kẹ́ NAPEP, ọ̀tọ̀ ni ti bọ́ọ̀sì, táńkà omi àti típà náà lọ́tọ̀ torí típà kan tó kún fún yanrìn máa ń gba àyè mọ́tò méjì ó lé. Ìṣẹ́jú 15-15 ni wọ́n fi ń pín bébà yẹn, wọ́n á sì kọ ẹni tó yà sọ́tùn-ún, ẹni tó yà sósì, ẹni tó lọ tààrà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà á, nígbà tí skúùlù bá ti wọlé. Ẹ wo déètì tó wà lórí bébà yẹn dáadáa o! Abuja tí gbogbo wa mọ̀ yìí, tí Sálà tàbí Kérésì bá ti dé, ìlú á dá páropáro, ẹni tó bá lọ ka mọ́tò nígbà yẹn á ní kí wọ́n tún kọ́ ilé 1,000 sí i.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá ṣírò àwọn tó ń bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn injíníà ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní Institute of Transportation Engineers ní ìwé ńlá kan tí wọ́n kó irú iye yẹn jọ sí, ẹ̀dà kọkànlá ẹ̀ tó jáde ní 2021 ní ilé kan tó dá dúró máa ń fa ìrìn mọ́tò 9.43 lójúmọ́ (kéèyàn jáde jẹ́ ọ̀kan, kó padà wọlé jẹ́ ọ̀kan), nínú wákàtí tí títì gbóná jù nírọ̀lẹ́ ó jẹ́ 0.94, ti àárọ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 0.70. Ilé 300 máa fa bíi 210 láàárọ̀ nìyẹn, mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ pè é ní 150 ó lé díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé Amẹ́ríkà nìyẹn o. Tiwa níbí, mọ́tò kan lè gbé bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ aládùúgbò, ọmọ ọ̀dọ̀ á wọ kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀sì skúùlù á wọlé á tún jáde, táńkà omi ò sì ní yéé wọlé tí bọ́hóòlù bá ti bàjẹ́. Torí ẹ̀ ni ẹni tó bá mọṣẹ́ á fi lọ dúró sí géètì ẹ̀sítéètì míì tó jọ ọ́ ní àdúgbò yín níbẹ̀, á ka iye mọ́tò tó jáde láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ààbọ̀, á fi iye ilé pín in. Ilé tí èèyàn ń gbé ni kó fi pín in o, kì í ṣe gbogbo ilé tó wà níbẹ̀! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé tó ṣófo pọ̀ nínú ẹ̀sítéètì Abuja, ẹlòmíì rà á sílẹ̀ ni kò tiẹ̀ débẹ̀ rí, tí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ pín in, iye á kéré, lójú tèmi ibẹ̀ gan-an ni irọ́ ti máa ń wọnú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pa á. Ẹ lè ní kí sẹ̀kọ́ríítì yín fi nótúbúùkù ka ti ẹ̀sítéètì yín, kò ní ná yín ní nǹkan kan.

Ó wá ku jánkṣàn. Lénì kan (ojú títì tí mọ́tò ń tò tẹ̀lé ara wọn gbà) tí ojú ẹ̀ mọ́ kedere, tí nǹkan kan ò dí i, lè gbé tó mọ́tò 1,900 ní wákàtí kan, àmọ́ tí wọ́dà tàbí láìtì bá ń fún apá yín ní sẹ́kọ́ndì 20 nínú 60, ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ ní, bíi 630. Ẹ jẹ́ ká ní mọ́tò 550 ló ń jáde báyìí, ẹ ṣì ń rí imú mí díẹ̀. Ẹ fi 150 lé e, ó di 700, 70 nínú wọn ò ní rí ọ̀nà lọ nínú wákàtí yẹn, mọ́tò kan pẹ̀lú àlàfo iwájú ẹ̀ sì ń gba bíi mítà 7, ẹ̀ ń wo ìlà tó fẹ́ẹ̀ tó ìdajì kìlómítà lórí ti tẹ́lẹ̀, bóyá ni ò ní kọjá ẹnu géètì yín. Mi ò tíì ka kòtò o, mi ò tíì ka kẹ̀kẹ́ tó dúró gbé èrò lójú ọ̀nà. Títì tó bá ti fẹ́ kún tẹ́lẹ̀ kì í nílò mọ́tò púpọ̀ kó tó dàrú, ohun tí injíníà tó kàn fojú wò ó ò lè rí nìyẹn.

Òfin sì wà nílẹ̀. Òfin ètò ìlú ti 1992, abala 33, ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ ibùgbé tó ju hẹ́kítà 2 lọ gbọ́dọ̀ kó ìwé àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ẹ̀ máa ní lórí àyíká wá pẹ̀lú àpùrúfà tó ń wá, ilé 300 ò sì lè wọ hẹ́kítà 2 àfi tó bá jẹ́ fúláàtì alájà púpọ̀. Òfin EIA, òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká, ti ọdún yẹn kan náà tún sọ àyẹ̀wò kíkún di dandan tí ilẹ̀ bá ti tó hẹ́kítà 50. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé Supreme Court ti ní lọ́dún 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà, òótọ́ ni, àmọ́ Abuja kì í ṣe ìpínlẹ̀, òfin yẹn ṣì de ibí. Tí àyẹ̀wò àyíká ò bá wá mẹ́nu kan títì, àyíká wo ni wọ́n yẹ̀ wò? L'Ékòó, mínísírì ètò ìrìnnà wọn máa ń béèrè TIA fúnra ẹ̀.

Àwa tó ń gbé ìhà gúúsù ìlú mọ ibi tí wàhálà yìí ti ṣẹ̀. Nígbà tí ètò Mass Housing, tí ìjọba fi ń fún dẹfẹ́lọ́pà nílẹ̀ kọ́ ilé púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 2000, àdéhùn ni pé ìjọba á gbé títì ńlá dé ẹnu ọ̀nà, dẹfẹ́lọ́pà á ṣe ti inú. Ilé yá, ti inú yá, ti ìta ò dé lọ́pọ̀ ibi, ilé wá ń bí ilé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀sítéètì yín kọ lẹ́tà sí Development Control, àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ l'Abuja, kẹ́ ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́: kí géètì wọn lọ sí apá kejì tí títì míì bá wà níbẹ̀, kí wọ́n fi lénì kan kún jánkṣàn fún àwọn tó ń yà, kí wọ́n parí ilé 100 ná kí lénì yẹn tó yá kí wọ́n tó ta ìyókù. Kẹ́ ẹ ṣe é báyìí tí ilẹ̀ ṣì wà nínú páànù o, tí òrùlé bá ti gun ilé, ẹbẹ̀ lẹ máa máa bẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ń san owó ilé díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀sítéètì kan lápá Kubwa, owó infrastructure wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi, mo sì ti san án tán. Wọ́n tún pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí onílé kọ̀ọ̀kan mú ₦500,000 wá fún traffic, pé ìjọba ló ní kí wọ́n gbà á nítorí jánkṣàn. Ilé bíi 300 la wà níbẹ̀. Ṣé kí n san án? – Àbúrò yín, Kubwa

ÌDÁHÙN: Àbúrò, dá ọwọ́ dúró ná. Owó infrastructure tó o san, ti títì inú ẹ̀sítéètì, gọ́tà àti tiransifọ́mà nìyẹn sábà máa ń jẹ́, jánkṣàn ìta jẹ́ nǹkan míì, torí náà wọn ò tíì purọ́ fún ẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìjọba ló ní kí wọ́n gbà á, bíìlì wà, orúkọ dẹfẹ́lọ́pà àti nọ́ńbà pílọ́ọ̀tì á wà lórí ẹ̀. Ní kí wọ́n jẹ́ kó o rí i. Owó ìjọba kì í gba àkáǹtì mánéjà wọlé.

Wá bi wọ́n pé jánkṣàn wo, èló ni iṣẹ́ ẹ̀, báwo lẹ ṣe pín in. Fi ìṣírò Ìyá Ìbejì òkè yìí ṣe òdiwọ̀n: ká ní lénì tí wọ́n fẹ́ fi kún jánkṣàn máa gba ₦140 mílíọ̀nù (èmi ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ o), mọ́tò 700 ló máa gba ibẹ̀, 150 nínú ẹ̀ ni ti ẹ̀sítéètì tuntun, ìpín tiwọn á jẹ́ ₦30 mílíọ̀nù, ilé 300 á pín in, ₦100,000 lórí ilé kan. ₦500,000 lọ́nà 300 jẹ́ ₦150 mílíọ̀nù, ìyẹn ju owó gbogbo lénì lọ! Tí jánkṣàn yẹn bá sì ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó dé, kí wọ́n má kó gbèsè yẹn lé yín lórí, ó dà bí kí wọ́n ní kí ayálégbé tuntun san owó tiransifọ́mà tó jó lọ́dún tó kọjá.

Lọ ka àdéhùn tó o fọwọ́ sí, bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lè fi owó kún un. Tí ò bá sí níbẹ̀, kọ̀wé sí wọn, kí ẹ̀yin onílé jọ fọwọ́ sí i, tí wọ́n bá ṣì takú ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, òfin wọn ti 2018 fún wọn lágbára lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Má jà ní ọ́fíìsì wọn ṣá, ilé ẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́lé ní California, ó ní county (bí ìjọba ìbílẹ̀ wọn) ní kó san owó ńlá fún traffic kó tó rí pámíìtì gbà, ilé kan ṣoṣo ló sì ń kọ́. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ torí ó jẹ́ àlejò? – Bàbá Sùlè, Minna

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn náà ń san án. Traffic impact fee ni, owó tí ẹni tó ń kọ́lé ń san nítorí ẹrù tí ilé ẹ̀ máa gbé lé títì, ọ̀pọ̀ county lọ́hùn-ún ló ní in. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Sheetz, ní El Dorado County ní California yẹn kan náà, fẹ́ gbé ilé alágbèéká kan sórí ilẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní kó san $23,420, ó san án àmọ́ ó ní òun ò gbà, ó gbé wọn lọ sí kóòtù títí dé Supreme Court wọn. Ní April 2024 gbogbo adájọ́ fẹnu kò pé Sheetz lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá owó yẹn bá ìpalára tí ilé ẹ̀ máa ṣe fún títì mu, pé bí owó náà tiẹ̀ jẹ́ òfin tí ìgbìmọ̀ ṣe fún gbogbo èèyàn, ìyẹn ò yọ ọ́ kúrò nínú àyẹ̀wò. Wọn ò ní owó yẹn ti pọ̀ jù o, wọ́n dá ẹjọ́ padà sí California kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀.

Ẹ ní kí ọmọ yín béèrè ìwé tí county fi ṣírò iye yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ ní in. Tí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òfin California gbà kó san án kó sì kọ̀wé pé òun fi ẹ̀hónú san án, iṣẹ́ ilé ò ní dúró, àmọ́ 90 ọjọ́ ló ní láti kọ ìwé yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n bu owó náà lé e, ọjọ́ 180 ló sì ní láti lọ kóòtù, kó tètè pe lọ́yà níbẹ̀ kí ọjọ́ má bàá lé e bá.