Ẹ Bi Ìyá Akápò: Ta ni yóò dúró ti pásítọ̀ tí kò ní bíṣọ́ọ̀bù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Akápò. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Boston ní Amẹ́ríkà pè mí pé òun ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀, pé ìjọ Unitarian lòun fẹ́ ṣiṣẹ́ fún. Mo ní bíṣọ́ọ̀bù wo ni yóò gbé e lọ sí ìjọ, ó ní àwọn ò ní bíṣọ́ọ̀bù. Mo ní ta ni yóò máa san owó oṣù rẹ̀, ó ní ìjọ tó bá pe òun ni. Ọkàn mi ò balẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́ ńkọ́? Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀? – Ìyá aláṣọ, Òmù-Àrán

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ọmọ yín ò parọ́ fún yín, àwọn èèyàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé, torí èmi tí mo ṣe akápò ìjọ títí irun mi fi funfun mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni.

Àárín àwọn Kristẹni ni àwọn Unitarian ti jáde, àwọn tó ní Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, kò sí mẹ́talọ́kan. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró láàárín wọn. Ní 1648 ni àwọn ìjọ kan pàdé ní Cambridge ní Massachusetts, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọ fúnra rẹ̀ ni yóò yan òjíṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Unitarian tó pẹ́ jù níbẹ̀ ti ara àwọn wọ̀nyẹn jáde, wọn ò sì yí àṣà náà padà. Ẹgbẹ́ tó so gbogbo wọn pọ̀ ni Unitarian Universalist Association. Boston tí ọmọ yín wà gan-an ni olú ilé iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ Unitarian tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1825 àti ti àwọn Universalist, àwọn tó ń wàásù pé gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run yóò gbà là, tó ti wà láti 1793, ló para pọ̀ di ọ̀kan ní 1961. Ìjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 1,000. Ẹgbẹ́ yìí kò lè gbé pásítọ̀ kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, kò sì lè lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo ẹgbẹ́ alátà ní Ọjà-Ọba: oníkálukú ló ni ìsọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ ò lè tà á, àmọ́ bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ẹgbẹ́ ló ń dìde.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n yẹ pásítọ̀ wò kí ó tó di pásítọ̀. Ọmọ yín yóò kàwé gboyè gíga nínú ẹ̀kọ́ ìsìn. Yóò kọ́ bí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, nílé ìwòsàn ni wọ́n sì ti sábà máa ń kọ́ ọ. Yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ pásítọ̀ àgbà nínú ìjọ kan, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìwà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni yóò jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò fi ìbéèrè wá a lẹ́nu wò. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n á fún un ní ìwé àṣẹ, àmọ́ wọn ò tíì gbà á tán o. Ó gbọ́dọ̀ tún ìwé náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìjábọ̀ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ, kí ó tó dúró pátápátá. Tí pásítọ̀ bá sì hùwà àìtọ́ sí ọmọ ìjọ, ìgbìmọ̀ yìí kan náà lè gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wù mí púpọ̀. Níbí tiwa, ẹni tó bá ti ní kánópì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti di pásítọ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ń ran ìjọ lọ́wọ́ láti wá ẹni tí yóò pè. Nígbà tí pásítọ̀ bá lọ, wọn kì í sáré. Wọ́n á kọ́kọ́ mú pásítọ̀ adelé fún ọdún kan tàbí méjì, ẹni tí wọ́n mọ̀ pé kò ní du ipò náà, kí ọgbẹ́ tó wà nílẹ̀ lè jinná. Àwọn ọmọ ìjọ á dìbò yan ìgbìmọ̀ tí yóò wá ẹlòmíràn. Ìgbìmọ̀ yìí á kọ nípa ìjọ wọn bó ti rí, títí kan gbèsè àti ìjà tó ti wáyé, ẹgbẹ́ á sì jẹ́ kí ìwé àwọn pásítọ̀ àti ìwé àwọn ìjọ dé ọwọ́ ara wọn. Tí wọ́n bá rí ẹni tó wù wọ́n, wọ́n á lọ gbọ́ ìwàásù rẹ̀ nínú ìjọ mìíràn, kí ariwo má tíì ta. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá lo ọ̀sẹ̀ kan láàárín wọn: yóò wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, yóò bá àgbà àti ọmọdé jókòó jẹun, yóò tún wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi kejì. Wọ́n á wá dìbò. Bí ìbò náà ò bá pọ̀ dáadáa, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kọ ìpè náà.

Owó wá ńkọ́? Ìjọ ló ń san án, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ a máa gbé ìwé ìmọ̀ràn jáde lórí iye tó yẹ kí wọ́n san, ní ìbámu pẹ̀lú bí ìlú náà ti wọ́n tó àti bí ìjọ ti tóbi tó. Wọ́n tún ní ètò ìlera tí ìjọ kéékèèké lè jọ wọ̀, torí ìjọ kékeré kò lè dá a rà. Èyí tó mú mi dá ìwé dúró ni owó ìfẹ̀yìntì: wọ́n ń gba ìjọ níyànjú láti fi iye tó tó ìdá 10 nínú 100 owó oṣù àti owó ilé pásítọ̀ sínú àpò ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ pásítọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo mọ pásítọ̀ kan, mi ò ní dárúkọ ìjọ rẹ̀, tó lo gbogbo agbára rẹ̀ ní ìletò àti ìlú káàkiri apá gúúsù Kwara yìí. Lọ́jọ́ ìdágbére, wọ́n fún un ní àga ìrọ̀gbọ̀kú kan àti ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n fi gíláàsì bò. A kọrin, a jó. Ilé mísọ̀n ló ń gbé, ẹni tó ń bọ̀ sì ti kó ẹrù dé ìta. Àga náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ọkọ̀. Ilé àna rẹ̀ ni wọ́n kó lọ, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá títì báyìí kí wọ́n tó rí oògùn ìfúnpá rẹ̀ rà. Kò sóhun tó ń bí mi nínú tó èyí nínú ìjọ Ọlọ́run.

Ní ti bí wọn ò bá fẹ́ ọmọ yín mọ́: ìbò ìjọ ló gbé e wọlé, ìbò ìjọ lè mú un jáde, òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn pásítọ̀ wọn ní ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn kan láti dúró ti ẹlẹgbẹ́ wọn nígbà ìjà. Ẹni náà á bá a jókòó nípàdé, á gbà á nímọ̀ràn, á sì rí i pé wọn ò lé e síta lọ́wọ́ òfo. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ní ẹkùn márùn-ún tí wọ́n pín àwọn ìjọ sí náà á bá ìjọ sọ̀rọ̀ láti apá kejì. Ọrẹ tí àwọn ìjọ ń dá lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo èyí.

Obìnrin kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wọn. Láti 1863 ni àwọn Universalist ti fi Olympia Brown jẹ òjíṣẹ́, obìnrin ni wọ́n sì tún dìbò yàn gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn ní 2023, Sofía Betancourt lorúkọ rẹ̀. Tí ọmọ yín bá tún pè, ẹ bi í bóyá ó ti rí pásítọ̀ àgbà tí yóò máa fọ̀rọ̀ lọ̀. Nígbà tí ìjọ bá sì pè é, kí ó ka ìwé àdéhùn dé ibi owó ìfẹ̀yìntì kó tó fọwọ́ sí i.

Ìyá wa, mo gbọ́ pé àwọn Unitarian ní Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, kò sí mẹ́talọ́kan. Ṣé Mùsùlùmí ni wọ́n ni? – Akẹ́kọ̀ọ́, Pákátà, Ìlọrin

Rárá, ọmọ mi. Àárín àwọn Kristẹni ni wọ́n ti jáde. Ní 1568, ní ìlú Torda ní Transylvania, tó wà ní Romania báyìí, ìjọba Ọba John Sigismund gbé àṣẹ jáde pé kí oníwàásù máa wàásù bó ti yé e, kí ẹnikẹ́ni má sì fi agbára gbé oníwàásù lé ìjọ tí kò fẹ́ ẹ lórí. Ferenc Dávid ni oníwàásù ààfin nígbà náà, òun ni Unitarian ibẹ̀ kà sí baba wọn. Àwọn yẹn ní bíṣọ́ọ̀bù títí dòní. Ti Bìrìtìkó ní ẹgbẹ́ àpapọ̀ tiwọn láti 1928. Àwa Yorùbá náà ò gbẹ́yìn: Adéníran Adédèjì Ìṣọ̀lá kúrò ní Áńgílíkà, ó sì dá Ìjọ Ìṣọ̀kan Gbogbo Ẹ̀dá sílẹ̀ ní Èkó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ìyá Akápò, akápò ìjọ kékeré ní Ọ̀fà lèmi náà. A ò tó ọgọ́rin. Pásítọ̀ wa ti ń dàgbà, a ò sì fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ṣé ó dìgbà tí àwọn hẹdikọ́tà bá dá wa lóhùn? – Akápò, Ọ̀fà

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìwé yín àti ti ìyá Òmù-Àrán dé ọwọ́ mi. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ni ó di dandan fún, òṣìṣẹ́ ìjọ yín ò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe é. Láti 2019 ni ètò mìíràn ti wà fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, tí èèyàn lè fi ìwọ̀nba tó ní máa dá díẹ̀díẹ̀. Kí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí láti máa tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, kí ó ṣí àpò lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìgbìmọ̀, kí wọ́n fẹnu kò lórí iye, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ọjọ́ tí owó oṣù bá jáde ni kí owó yìí náà jáde.

Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò ìjọ, àní bí àwọn alàgbà bá ní ibẹ̀ ló dára jù. Ọjọ́ tí òrùlé bá jò tàbí jẹnẹrétọ̀ bá bàjẹ́, owó yẹn ni ojú gbogbo yín yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹ fún pásítọ̀ ní rìsíìtì oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ìyàwó rẹ̀ sì mọ ibi tí ìwé náà wà.