Àwa Mẹ́rin Péré La Wo Fíìmù Àtijọ́ Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ wo fíìmù àtijọ́ kan tí mo ti ń wá tipẹ́, kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, àwa mẹ́rin péré la sì wà nínú gbọ̀ngàn sinimá ńlá yẹn. Àwòrán ẹ̀ ti pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún, ìlà ń já wálẹ̀ lára ẹ̀ bí òjò, tó bá sì ti tó bí ogún ìṣẹ́jú, àmì róbótó kékeré kan á yọ lókè lápá ọ̀tún, á tún pòórá. Ṣé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́ ni? Tí èèyàn ò bá sì wá wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́ ńkọ́? Inú mi ò dùn nígbà tí mo délé.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rọ wọn ò bàjẹ́ o. Fíìmù gidi lẹ wò, èyí tí wọ́n ń ká bí ìgbànú, tó fẹ̀ tó mìlímítà 35, kì í ṣe fáìlì kọ̀ǹpútà. Àwòrán 24 ló ń kọjá níwájú iná ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà ríìlì kan, ìyẹn ìká fíìmù kan, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2,000, bí ìṣẹ́jú 22 ló máa fi tán, èyí tó kàn á sì ti wà lórí ẹ̀rọ kejì. Àmì róbótó yẹn, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún: tí àkọ́kọ́ bá yọ, ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ kí ríìlì yẹn tán, á tan mọ́tò ẹ̀rọ kejì, tí ìkejì bá yọ, á yí i sí ẹ̀rọ yẹn kíá. Ìyẹn ni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn yín lókè tó ń fojú ṣọ́ fíìmù yẹn pẹ̀lú yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ò kì í ṣe mẹ́rin, márùn-ún ni yín.

Ti pípọ́n yẹn, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà aláwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ láàárín 1950 sí 1980, àwọ̀ tó jọ búlúù ló kọ́kọ́ máa ń ṣá, ni pupa bá gba gbogbo ẹ̀. Àwọn ìlà yẹn sì rèé, eruku àti irin ẹ̀rọ ló ha á, àwọn tó ti wò ó ṣáájú yín lẹ ń rí yẹn.

Ìbéèrè yín kejì ló ká mi lára jù. Ìwádìí kan tí ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, gbé jáde ní 2013 sọ pé nínú fíìmù gígùn aláìlóhùn tó ń lọ sí 11,000 tí wọ́n ṣe níbẹ̀ láàárín 1912 sí 1929, bíi 14 nínú 100 ló ṣì wà lódindi bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde. Òótọ́ ni pé fíìmù ayé ìgbà yẹn máa ń gbiná, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n kàn kó dànù, torí fíìmù olóhùn ti dé, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa bèèrè ẹ̀ mọ́. Metropolis gan-an, fíìmù aláìlóhùn tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó jáde ní 1927, ọdún 2008 ni wọ́n tó rí èyí tó pọ̀ nínú apá tó ti sọnù, ní Buenos Aires lórílẹ̀-èdè Ajẹntínà, lára ẹ̀dà kan tó ha ju tiyín lọ dáadáa.

Nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà sí gbọ̀ngàn yẹn jàre, ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti yá ẹ̀dà yẹn, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ tún un wò. Tí wọ́n bá tún fi hàn, ẹ mú ẹni méjì dání, tó bá parí, ẹ gòkè lọ kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ.