Ògiri Amọ̀ Tí Kò Gba Fíṣà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Káfíńtà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wa ní Òkèsà, Iléṣà, alámọ̀ ni, símẹ́ǹtì kàn wà lójú rẹ̀ ni. Orúnkún ń dun màmá wa. A fẹ́ fi irin tí wọ́n ó máa dì mú sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n gbogbo fíṣà, ike kékeré tí à ń kì bọ ihò ògiri kí ìṣó oníyíyí lè mú, ló ń yọ.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ má ra fíṣà mìíràn mọ́. Amọ̀ kì í mú un. Èyí tó bá tiẹ̀ dúró lónìí, ọjọ́ tí màmá bá fi gbogbo ara tì í ló máa yọ, ìyẹn ló sì burú jù.

Bí yàrá bá wà lẹ́yìn ògiri náà, ẹ lu ihò já sí òdìkejì, ẹ ki bóòtù gígùn bọ̀ ọ́, kí irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ wà níhà méjèèjì kí ẹ tó de nọ́ọ̀tì. Ẹ rọra dè é o, kí amọ̀ má baà fọ́. Bó bá jẹ́ ìta ni òdìkejì, òjò á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi ògiri sílẹ̀, ẹ fi bóòtù de òpó mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀. Èyí ni èmi fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ ń gba àyè.

Kí irin náà ga tó nǹkan bí ínṣì 36 láti etí àtẹ̀gùn, kó má sì nípọn ju ínṣì 2 lọ, kí ọwọ́ màmá lè yí i ká.