Ṣé fáìlì mi ò ní bá bcachefs lọ báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bcachefs, ìyẹn filesystem, ètò tí Linux fi ń to fáìlì sórí disk, ló wà lórí disk tí mo ń kó fọ́tò àti iṣẹ́ àwọn kọ́sítọ́mà mi sí. Wọ́n ní Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò ní Linux 6.18 torí òun àti ẹni tó ń ṣe é jọ ń jà. Kí ló dé gan-an, ṣé kí n má ṣe update mọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Kóòdù tó ń ka disk yẹn ni wọ́n yọ kúrò nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux, fáìlì ẹ wà níbi tó wà. Àmọ́ tó o bá kó sínú 6.18 láìmúra, kọ̀ǹpútà á kàn kọ "unknown filesystem type" sí ẹ lójú, àyà ẹ á sì já.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ló dá ìjà sílẹ̀. Tí version kan bá ti jáde, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Linus fi ń gba nǹkan tuntun, merge window nìyẹn, tó bá ti parí wọ́n á gbé rc1 jáde, ẹ̀dà àyẹ̀wò àkọ́kọ́ (release candidate), àtúnṣe nìkan ló kù tó máa gbà títí dé rc7 tàbí rc8. Bcachefs wọlé ní 6.7, tó jáde ní January 2024, pẹ̀lú àmì experimental lára. Ní 2024 yẹn náà ni Linus ti ń bá Kent Overstreet tó ni ín wí pé patch, àyípadà kóòdù, tó ń kó wá lásìkò rc ti pọ̀ jù, kàkà kó rọlẹ̀ líle ló ń le sí i. Ní June 2025, 6.16 ti wà ní rc, Kent gbé journal_rewind dé, nǹkan tó máa dá disk tó bàjẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kent ní fáìlì àwọn èèyàn ló wà nínú ewu, àtúnṣe ni. Linus ní nǹkan tuntun ni. Ó gbà á o, àmọ́ ó ní tó bá di 6.17 àwọn máa pínyà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí: ní 6.17 kò gba nǹkan tuntun lọ́wọ́ Kent mọ́, ní 6.18 ó yọ kóòdù náà kúrò.

Mo mọ̀ pé àánú èèyàn ń ṣe Kent, ẹni tí disk ẹ̀ bàjẹ́ lóru ò fẹ́ gbọ́ pé kó dúró di oṣù méjì. Síbẹ̀ Linus ló jàre lójú tèmi, torí experimental túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ń lò ó ní backup, tó bá sì ti ní backup, journal_rewind lè dúró de merge window, kí àwọn ẹlòmíì ráyè dán an wò dáadáa kó tó dé orí disk ẹnikẹ́ni.

Ìwọ náà, backup ni kó o kọ́kọ́ ṣe, sórí disk tó ń lo ext4, filesystem tó ti pẹ́ nínú Linux. Lẹ́yìn náà kó o wá install bcachefs-tools àti module DKMS ẹ̀ (DKMS ló ń kọ́ module náà fún kernel tuntun kọ̀ọ̀kan), pẹ̀lú kernel headers, àwọn fáìlì tí DKMS nílò láti kọ́ ọ. Má gbàgbé headers yẹn rárá! Èmi gbàgbé ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, DKMS ò rí module náà kọ́, mo tan kọ̀ǹpútà padà, /home ò sí níbẹ̀, kernel àtijọ́ tí mo yàn nínú GRUB, ibi tí wọ́n ti ń yan kernel tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, ló yọ mí. Torí ẹ̀, kó o tó reboot, tẹ dkms status, rí i pé "installed" wà níwájú nọ́ńbà kernel tuntun yẹn, má sì pa kernel àtijọ́ rẹ́.

Fọ́tò ẹ lè wà lórí bcachefs. Iṣẹ́ kọ́sítọ́mà, kó o kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.